Orí Àjàrà Tí Mo Gé

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlé

Argiró mi, mo parí rẹ̀ lánàá. Gbogbo àjàrà abala òkè, láti ibi ògiri òkúta títí dé etí ọ̀nà, mo ti gé wọn lórí. Ayùn tí mo fi ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni mo lò. Igi wọn le ju bí mo ṣe rò lọ. Èjìká ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìwọ lo máa ń sọ ọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ti orí omi wálé, tí a bá jókòó ti wáìnì, wàá ní, "Zánì, àwọn àjàrà òkè tí a tẹ̀ ká bí apẹ̀rẹ̀ yẹn ti darúgbó. Ó yẹ ká gé wọn lórí kí gbòǹgbò lè yọ orí tuntun." Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà màá tún wọkọ̀ lọ. Ní báyìí tí mi ò ní ibì kankan tí mò ń lọ mọ́, mo ní kí n bá ọ parí iṣẹ́ kan kí àdúrà ìrántí oṣù mẹ́ta ikú rẹ tó pé. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ bí ayùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Mo kó àwọn apẹ̀rẹ̀ tí mo gé jọ sẹ́yìn ilé. Mi ò ní ra igi ìdáná títí òtútù yìí á fi kọjá.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Atẹ́gùn àríwá. Ọkọ̀ kò wá sí erékùṣù wa láti èbúté Pírẹ́ọ̀sì. Mo fi apẹ̀rẹ̀ méjì dáná. Igi àjàrà dára, kì í rú èéfín púpọ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àdúrà rẹ. Ọkọ̀ kò tíì rìn, nítorí náà Kaliópi ọmọ wa kò lè wá. Ó sunkún lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Marusó, aládùúgbò wa, ló se àlìkámà tí a fi ń rántí òkú. Ó da ṣúgà bò ó, ó sì fi èso àjàrà gbígbẹ kọ orúkọ rẹ sí i lórí. Èso álímọ́ńdì tí a máa ń fi sí i ti wọ́n débi pé ó fi ẹ̀pà rọ́pò rẹ̀. Ó ní ìwọ kò ní bínú.

Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i. Ojú tì mí pé ebi ń pa mí.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyá Marusó wá ṣa ẹ̀fọ́ nínú oko wa láàárọ̀ yìí bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ tó pariwo orúkọ mi láti òkè. Mo rò pé ó ṣubú ni. Mo sáré lọ.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Mo mọ̀. Ká ní ẹ pé méjì ni, ọ̀kan nínú yín ì bá ní ọpọlọ."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tí mo gé. "Ọ̀gá atukọ̀, òpó ọkọ̀ lo rò pé ò ń gé ni? O máa ń gbẹ́ erùpẹ̀ eérú yìí kúrò nídìí rẹ̀ ná, títí wàá fi dé ọrùn rẹ̀, níbi tí èèpo ti ń dán. Ibẹ̀ lo máa gé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an lo sì máa bò ó, kí atẹ́gùn má bàa mu oje rẹ̀. Ìwọ gé e lókè níbí, o wá ṣí i sílẹ̀ bí ẹnu ìgò."

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Àti pé lọ́dún wo? Òjò wo lo rí láti oṣù kọkànlá? Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa la máa ń gé wọn lórí. Kí lo fẹ́ kí gbòǹgbò fi ta ọ̀mùnú? Itọ́ rẹ?"

"Argiró ló sọ pé ó yẹ ká gé wọn."

"Argiró sọ pé ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún ọ̀dá. Etí mi méjèèjì yìí ló sọ ọ́ sí."

Gbólóhùn rẹ títí dé ìdajì ni mo gbọ́, Argiró. Bóyá o sọ èyí tó kù nígbà tí mo ti ń di ẹrù mi.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fi eérú òkè oníná tó jẹ́ erùpẹ̀ erékùṣù wa, àti òkúta fúyẹ́fúyẹ́ inú rẹ̀, bo gbogbo ìdí wọn. Ẹ̀yìn ń ro mí. Nígbà tí mo parí, òkè náà dà bí ibi tí a sin èèyàn púpọ̀ sí. Mi ò wo ẹ̀yìn bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Lukási àbúrò rẹ pè mí láti Pírẹ́ọ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n, òkè ńkọ́?"

"Dáadáa ni."

"Ṣé ẹ ti bá mi tún wọn ṣe?"

"Mo ti tún wọn ṣe."

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ilé àlejò tún pè mí lánàá. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, pé àjàrà Bàbá mi ṣì ń bẹ níbẹ̀."

Tìrẹ ni abala ìsàlẹ̀, ti Lukási ni abala òkè, bí bàbá yín ṣe pín in nìyẹn. Èmi ò ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbẹ̀. Ìwọ náà sì mọ ohun tó ṣèlérí fún ọ nílé ìwòsàn, tó di ọwọ́ rẹ mú: òun ò ní ta ilẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí àjàrà Bàbá bá ṣì wà láàyè. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń gbọ́. Èmi náà ni mo wá gbé ayùn.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èsì mi lórí fóònù tó jẹ́ irọ́, síbẹ̀ irọ́ ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà

Atẹ́gùn gúúsù láti àná. Eruku pupa aṣálẹ̀ ti bo fèrèsé, ó ti bo aṣọ tí mo sá. Ojú ọ̀run dà bí ọsàn. Ẹnu mi gbẹ débi pé mo wá ń ronú nípa ojú ọgbẹ́ àwọn igi yẹn lábẹ́ eérú, bóyá mo bò wọ́n dé ibi tó yẹ. Mo lọ tún wọn bò. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni mò ń ṣe tàbí mo kàn ń fọwọ́ kan wọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún

Kò sí òjò.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò fẹ́ kọ ti òní. Màá kọ ọ́.

Ìyá Marusó mú ẹyin wá fún mi. Ó jókòó síwájú iná, ó na ẹsẹ̀. Mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ láti jù ú síná, òun ló kù nínú gbogbo wọn. Ó ní, "Dúró. Gbé e wá." Ó gbé e lé itan rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ yí i ká.

"Ṣé o tiẹ̀ máa ń wo nǹkan kó o tó dáná sun ún?"

"Igi ni, Ìyá. Ó ti kú."

"Mú ọwọ́ rẹ wá." Ó mú ìka mi, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ náà lọ́hùn-ún, níbi tó ti dúdú tó sì nípọn. "Apá ibo ló yí sí?"

"Apá ọ̀tún."

"Bàbá ìyàwó rẹ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ó máa ń fún un le. Ó ya, máa bọ̀ lóde." Ó ń fa ìka mi lọ láti òrùka kan sí òrùka kan, títí a fi dé ibi kan tí igi náà ṣẹ́rí. "Ibo ló wá yí sí báyìí?"

Apá òsì ni.

"Ta ló ń lo ọwọ́ òsì nínú ilé yìí, Zánì?"

Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì lo fi ń gé búrẹ́dì. Ọwọ́ òsì lo fi ń juwọ́ sí mi ní èbúté. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé yóò wà nínú igi. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí mi ò sí nílé, ìwọ ń lọ sókè nínú òtútù, ò ń mú ẹ̀ka ọdún yẹn, ò ń tẹ̀ ẹ́ wéra pẹ̀lú ti bàbá rẹ, kí èso lè ríbi sá sí fún atẹ́gùn. Òrùka kan fún ọdún kan. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ tí mi ò rí, ibẹ̀ ló wà. Mo sì ti ń fi yáná láti oṣù tó kọjá. Mo tiẹ̀ yìn ín pé kò rú èéfín.

Ìyá Marusó gbé èyí tó kù lé mi nítan. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ kẹwàá

Mi ò dáná. Òtútù mú. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò wínníwínní fún bíi wákàtí kan, kò tó fi bọ́jú. Ṣùgbọ́n kùrukùru gòkè láti orí òkun láàárọ̀, ó bo gbogbo oko. Mo mú òkúta fúyẹ́ kan nílẹ̀, mo fi kan ètè mi. Ó tutù, ó lómi nínú. O máa ń sọ fún àwọn àlejò pé òkúta wa ló ń bá wa pọn omi. Mo rò pé ò ń fi wọ́n ṣeré ni.

Àjàrà ìsàlẹ̀ ti ń rúwé, ewé kéékèèké bí etí eku. Lókè, kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ti ń gbé omi gòkè láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì méjì méjì. Òní ni Ìyá Marusó ká mi mọ́ ọn.

"Kí nìyẹn?"

"Omi ni, Ìyá. Díẹ̀ ni."

"Tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ wá bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé wàá dìde? Gbòǹgbò yìí ti lọ sísàlẹ̀ jìnnà, torí kò sí nǹkan kan fún un lókè. Ìwọ wá ń tàn án wá sókè. Tó bá dé, oòrùn oṣù kẹjọ á pa á."

"Kí wá ni kí n ṣe? Kí n máa wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà." Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, ó dà á sídìí ẹ̀fọ́ tirẹ̀, ará ibí kì í fi omi ṣòfò. Ó wá ní, "Kòkòrò tó jẹ gbòǹgbò àjàrà gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù run kò lè gbé inú eérú yìí. Gbòǹgbò yìí dàgbà ju ìjọba Áténì lọ. Kò sí ohun tó lè pa á. Àfìgbà tí ìwọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, tó o ní kí òun náà ṣe iṣẹ́ kòkòrò."

Mo rẹ́rìn-ín, Argiró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó o ti lọ. Mo dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Igbe

Atẹ́gùn àríwá ṣẹ́ ọ̀mùnú díẹ̀ ní abala ìsàlẹ̀, àwọn tó yọrí jáde kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó tẹrí ba sínú kò ṣe nǹkan kan. Lókè, atẹ́gùn kò rí nǹkan kan ṣẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ Ẹtì Rere

Mo rò pé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Lukási àti Kaliópi máa bá wá. Ti òwúrọ̀ ni wọ́n wọ̀. Kaliópi nìkan ló wọlé. Mo bá Lukási lórí òkè. Ó jókòó sórí ògiri, bàtà dúdú rẹ̀ ti funfun fún eérú.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Lukási. O ti dé."

"Ẹ ní dáadáa ni wọ́n wà."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ògiri.

"Ẹ ní ẹ ti bá mi tún wọn ṣe."

"Mo gé wọn lórí. Mo rò pé ohun tí Argiró fẹ́ nìyẹn. Mi ò bi ọ́, tìrẹ sì ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí."

"Igi wọn dà?"

"Mo fi dáná."

Ó kọjú sí òkun. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí atẹ́gùn bá le, Bàbá máa ń gbé mi jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn, á ní kí n dúró bí ẹyin. Argiró á wá máa dún bí adìyẹ láti ẹ̀yìn ògiri yìí." Ó fọwọ́ kan òkúta ògiri náà. "Ẹ fi dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"Mi ò mọ̀. Ìyá Marusó náà ò mọ̀."

"Mo sọ fún Argiró pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láàyè. Ẹ gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé màá máa tọ́jú kùkùté." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Màá fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ Ìgòkè Olúwa. Tí kò bá sí nǹkan kan, màá dá ọkùnrin yẹn lóhùn. Ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló yẹ kó bínú, Lukási?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì Rere."

Ogúnjọ́. Àjíǹde

A jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn. Kaliópi fi ẹyin pupa Àjíǹde rẹ̀ fọ́ tèmi, ó sì fọ́ ti Lukási. Mo ṣí wáìnì òkè tó o ṣe gbẹ̀yìn. Ó kan, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, bí òkúta etí òkun. Lukási mu tirẹ̀ tán, ó dojú ife dé. Kaliópi ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Mo ní oúnjẹ máa tutù.

Kí wọ́n tó lọ sí èbúté, mo gbé apẹ̀rẹ̀ tó kù fún Lukási. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe nínú ilé òkè alájà mẹ́fà. Ó gbà á. Kaliópi pè mí láti inú ọkọ̀ pé itan ara rẹ̀ ló gbé e lé ní gbogbo ọ̀nà, pé ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé àpò lé e.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo wo gbogbo ojú ọgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú, gbígbẹ, ó ti là. Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, ó dúró létí ọ̀nà, ó kí mi dáadáa. Mi ò lè sọ fún un pé kó lọ. Ta ni èmi?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èbìbí

Argiró! Argiró!

Mo wà lórí òkè láàárọ̀, mò ń wo ojú ibi tí mo gé bó ṣe ti di àṣà mi. Ìyá Marusó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá nǹkan yọ."

"Ọgbẹ́ lò ń wò. Ojú ọgbẹ́ kì í hùwé. Sún." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ha eérú kúrò nídìí igi, níwọ̀n àtàǹpàkò kan, méjì. Ọ̀mùnú kan wà níbẹ̀. Ó funfun, ó ní irun lára bí etí ọmọ ológbò, ẹnu rẹ̀ pupa díẹ̀. Ó ti yí ẹ̀gbẹ́ òkúta kan kọjá, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Láti ọrùn ni, níbi tí ó yẹ kí n gé.

"O rí i," Ìyá Marusó ní, "kò tiẹ̀ bìkítà fún ọ."

A fi ọwọ́ ha ìdí gbogbo wọn títí di ọ̀sán. Àwọn tó wà lápá ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ti ta. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ti gbẹ títí lọ sísàlẹ̀. Ìyá Marusó fi ọ̀pá kan ọ̀kan nínú wọn, ó dún bí egungun. A kọjá sí èyí tó kàn.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pè é.

"Lukási, àwọn kan ti jáde."

"Àwọn wo?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti kú. Èmi ni mo pa wọ́n. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó yè ni mo bi yín."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí nípa àwọ̀ rẹ̀, ó bi mí bóyá ó ní irun lára.

"Màá ní kí ọkùnrin yẹn máa wá ilẹ̀ lọ síbòmíràn."

"O ṣé, Lukási."

"Kì í ṣe tìtorí yín." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ bi mí ná. Ẹ kàn bi mí."

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo rò pé lẹ́yìn ìyẹn, ara á tù mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rí àwọn tó yè, àwọn tó kú ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ti àwọn apẹ̀rẹ̀, n kì í tiẹ̀ lè ronú nípa rẹ̀ jìnnà.

Lónìí, Ìyá Marusó ní ọ̀mùnú ti pọ̀ jù nídìí kan náà. Kí n fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdí kọ̀ọ̀kan, kí n ṣẹ́ èyí tó kù, kí wọ́n tó mu gbòǹgbò gbẹ.

"Ẹ bá mi ṣẹ́ wọn, Ìyá."

"Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ rí mi látọ̀nà jínjìn lọ́jọ́ tí mò ń gbé omi."

"Ìwọ tóbi. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ tún gé nǹkan kan lórí òkè yìí. Ó ní ta ló ní kí n gé, àtàǹpàkò ni a fi ń ti í. Mo wá ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ńkọ́, Ìyá?" "Ṣẹ́ ẹ." "Èyí?" "Fi í sílẹ̀." "Èyí tó tẹ̀ yìí?" "Èyí tó tẹ̀ ló dáa, ó ti mọ bí a ṣe ń tẹrí ba." A ṣe ìlà kan tán, a bọ́ sí èkejì. Nígbà tó yá, ó ní, "Zánì, ebi ń pa mí, ẹ̀wà fáfà mi wà lórí iná. O ti mọ̀ ọ́n báyìí," ó sì ń lọ sílé, kò wẹ̀yìn.

Mo kù níwájú ìdí kan, ọ̀mùnú márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo wà lórí orúnkún mi títí eérú fi ń ta mí. Ọ̀kan nínú wọn ti ga ju gbogbo àwọn tó kù lọ, ó nà ṣánṣán, ewé rẹ̀ ti là. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tì í, mo ṣẹ́ ẹ, nítorí òun ni atẹ́gùn máa kọ́kọ́ rí.